Ta ló ń pín owó náà, ibo ló sì ń dé? Ìdáhùn sí àgùnbánirọ̀ kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé lọ́dún tó kọjá, Ìlọrin ni mo ti ń sìnlú báyìí. Ó wù mí kí n ṣe máàsítáàsì, kí n sì bá a dé PhD, lórí ọrọ̀-ajé òṣèlú àti ọrọ̀-ajé owó ìlú. Olùkọ́ mi ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bàbá mi ní òṣèlú ni mo fẹ́ ṣe, pé kí n lọ wáṣẹ́ sí báńkì. Ẹ jọ̀ọ́, kí gan-an ni ẹni tó ń ṣe irú ìwádìí yìí ń fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe? Ṣé èèyàn lè ṣe é kó sì rí jẹ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ìsìnlú.

Ti olùkọ́ rẹ ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló rọrùn jù. Kò ṣì ọ́ lọ́nà. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwádìí ọrọ̀-ajé jáde, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀: H ni ti owó ìlú, D72 ni ti ìbò àti bí àwọn aṣòfin ṣe ń ṣèpinnu, H77 sì ni ti bí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ṣe ń pín owó láàárín ara wọn. Lọ́jọ́ tó o bá ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, wọ́n á bi ọ́ pé èwo ni tìẹ. Nítorí náà, fi ọ̀kan ṣe ilé. Tí o bá bi mí, ti owó ìlú ni kó o fi ṣe é, torí òun ló ní irinṣẹ́ tí wọ́n lè kọ́ ọ ní kíláàsì. Àmọ́ nínú iṣẹ́ gan-an, n kò tíì rí ẹni tó mọ ọ̀kan dunjú tí kò fojú kan wo èkejì. Ọrọ̀-ajé owó ìlú ń béèrè irú owó-orí tó yẹ kí ìjọba gbà, lọ́wọ́ ta ni, àti ohun tó yẹ kó fi ṣe. Ọrọ̀-ajé òṣèlú ń béèrè pé, bí a bá ti mọ ohun tó yẹ, kí ló dé tí wọn kò ṣe é, àti ta ló ń jẹ nínú bó ṣe wà?

Àríyànjiyàn náà ti pẹ́. Richard Musgrave, ọmọ Jámánì tó di ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1959 pé iṣẹ́ mẹ́ta ni ìjọba ń fi owó ṣe: kó pèsè ohun tí ọjà kò lè pèsè, kó pín ọrọ̀ kó má bàa jọ sọ́wọ́ àwọn kan, kó sì dì í mú kí ọrọ̀-ajé má máa mì. James Buchanan, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ní ta ni ìjọba tí ẹ ń sọ yìí? Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ó fẹ́ wọlé ìbò, ó ní ẹbí, ó ní àpò. Àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n pàdé ní Munich ní 1998 láti jiyàn rẹ̀ lójúkojú, kálukú sì di tirẹ̀ mú délé. Èmi ń gba ti Buchanan nínú ìbéèrè, mo sì ń gba ti Musgrave nínú ìdáhùn.

Ohun tí irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi ayé rẹ̀ ṣe kò ju pé ó ń tọ ipasẹ̀ owó ìlú lọ, láti ọwọ́ ẹni tó san án títí dé ibi tó ti rá, ó sì ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pé ta ló pàṣẹ níbí. Mi ò ní fi ẹni òkèèrè júwe rẹ̀ fún ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀jẹ̀túnjí Abọ́yadé ni mo máa fi júwe rẹ̀.

Ọmọ Awẹ́ ni, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ ti Ọ̀yọ́. Wọ́n bí i ní 1931, ó kàwé ní Hull àti Cambridge, ó sì padà wá kọ́ni ní Ìbàdàn. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1966 dá lórí ìdókòwò àti bí ọrọ̀-ajé Nàìjíríà ṣe ń dàgbà. Ìgbà yẹn, kéèyàn tó sọ ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ wá iye rẹ̀ jáde. Ọdún 1966 yẹn náà ni Wolfgang Stolper, tó ṣe olórí àwọn tó kọ ètò ìdàgbàsókè àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, tẹ ìwé tirẹ̀, ó sì fi í ṣe àkọlé pé láìsí òkodoro ìṣirò lọ́wọ́ ni àwọn ṣe ètò náà. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Abọ́yadé wà lára àwọn tí ìjọba fọ̀rọ̀ lọ̀ lórí Ètò Ìdàgbàsókè Kejì, 1970 sí 1974. Ní 1975 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1977, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́ tí ó tó fi kọ́ èèyàn ní gbogbo ọrọ̀-ajé òṣèlú: kó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó máa sọ bí Nàìjíríà yóò ṣe máa pín owó.

Kí tirẹ̀ tó dé, ìgbìmọ̀ mẹ́fà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ kan náà láti 1946. Ọ̀kan nínú wọn, ti 1951, John Hicks wà níbẹ̀, ẹni tó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1972. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ ní ọdún kejì ti bá wa pín owó rí. Ohun tó yẹ kó o kíyè sí nínú ìtàn yẹn ni ìpín ibi tí owó ti wá. Nígbà tí kòkó ń mówó wọlé, àwọn aṣáájú Ìwọ̀-Oòrùn ló ń pariwo jù pé ẹni tó bá pa owó ni kó mú púpọ̀ nínú rẹ̀, ìgbìmọ̀ Chick ti 1953 sì gbà fún wọn. Nígbà tí epo rọ̀bì gbòde, àwọn tó kù rántí ìṣọ̀kan. Ìgbìmọ̀ Raisman fi ìdá 50 nínú 100 owó ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹkùn tó ti wá ní 1958. Ó di 45 ní 1970, ó di 20 ní 1975. Lónìí, òfin 1999 ní kò gbọdọ̀ dín ní 13. Kò sí onímọ̀ kankan tó fi ìṣirò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Abọ́yadé fẹ́ bọ́ nínú ìjà yẹn pátápátá. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ yọ ibi tí owó ti wá kúrò, wọ́n sì yọ iye èèyàn náà kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni gbogbo ayé ń jà lé lórí. Wọ́n fi nǹkan márùn-ún rọ́pò wọn. Àǹfààní ọgbọọgba láti dàgbà gba 25 nínú 100. Ìwọ̀n tí ìgbé ayé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù jákèjádò orílẹ̀-èdè gba 22. Agbára ìpínlẹ̀ láti gba owó kó sì fi ṣe iṣẹ́ tó hàn gba 20, akitiyan rẹ̀ láti pawó wọlé fúnra rẹ̀ gba 18, ìnáwó tó mọ́gbọ́n dání sì gba 15. Kí wọ́n tó dé orí ìyẹn, wọ́n ti ní kí ìjọba àpapọ̀ mú 57, kí gbogbo ìpínlẹ̀ mú 30, kí ìjọba ìbílẹ̀ mú 10, kí 3 sì wà fún àkànṣe.

Tún àwọn márùn-ún yẹn wò. Méjì tó ṣáájú ń ran ẹni tó kù sẹ́yìn lọ́wọ́. Ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ń san èrè fún ẹni tó ń ṣe dáadáa. Ó bá ara mu, mo sì gbà títí dòní pé nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa, òun ló ní làákàyè jù. Ṣùgbọ́n wá fi ara rẹ sípò aṣojú kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ òfin tuntun ní 1978. Mélòó ni ìpínlẹ̀ rẹ máa gbà? Báwo lo ṣe fẹ́ wọn agbára láti náwó? Ta ni yóò wọ̀n ọ́n, ọmọ ibo sì ni? Kò sí ẹni tó lè mú pẹ́ńsù kó ṣírò tirẹ̀ kó tó sùn. Wọ́n ní ìmọ̀ ìwé ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì pa á tì.

Àwọn kan ń ka ìtàn yìí bí ìtàn ọlọ́gbọ́n tí àwọn aláìmọ̀kan kò gbọ́ tirẹ̀. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìpín tí ẹni tí wọ́n ń pín fún kò lè ṣírò fúnra rẹ̀, ẹni tó di èèkù idà mú nìkan ló lè gbà á gbọ́. Pius Okigbo, tó jókòó sí ìdí iṣẹ́ kan náà láàárín 1979 sí 1980, mọ èyí. Ó mú ohun tí kálukú lè kà: ojúṣe tó kéré jù tí ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, tó túmọ̀ sí ọgbọọgba, gba 40, iye èèyàn gba 40, ìdàgbàsókè ìlú, tí wọ́n fi iye ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ̀n, gba 15, akitiyan láti pawó wọlé gba 5 péré. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé yẹn dé iwájú àwọn aṣòfin, ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó ní ọmọ ilé ìwé púpọ̀ ní ìnáwó òun ló pọ̀, kí òun gbà jù. Ìpínlẹ̀ tí tirẹ̀ kéré ní òun ló kù sẹ́yìn, kí òun gbà jù. Kí lo rò pé wọ́n ṣe? Òfin tó jáde pín 15 yẹn sí méjì: 11.25 fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀, 3.75 fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kéré. Nínú òfin kan náà, ohun kan náà, wọ́n ń san owó fún un bó bá lọ sókè, wọ́n tún ń san fún un bó bá wálẹ̀. Onímọ̀ owó ìlú á ní ìṣirò yìí kò nítumọ̀. Onímọ̀ òṣèlú á ní ìdìbò nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó wù ọ́ yìí ló máa béèrè pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ 10 àti 5, tó sì jẹ́ ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin fún ẹgbẹ́ kan àti ẹyọ kan nínú mẹ́rin fún èkejì.

Okigbo kan náà ni wọ́n tún pè ní 1994, kó wá wo ìwé owó báńkì àgbà orílẹ̀-èdè. Ó rí i pé dọ́là bílíọ̀nù 12.4 ti gba inú àwọn àkáǹtì àkànṣe láàárín 1988 sí 1994, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó kù. Ẹni tó sọ bí wọ́n ṣe máa pín owó ní ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ni wọ́n rán pé kó lọ wá a. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ bí iṣẹ́ ayé onímọ̀ owó ìlú ṣe ń rí ní Nàìjíríà, sọ ìyẹn fún un.

Abọ́yadé ní tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òun àti Akin Mábògùnjẹ́, onímọ̀ ilẹ̀ àti ìlú, mú ìwádìí wọn lọ sí Awẹ́, láti wo bí àwọn ará àdúgbò ṣe lè kó ara wọn jọ, kí wọ́n sì ṣètò ìdàgbàsókè wọn fúnra wọn. Ẹni tó ti ń ṣírò fún odindi orílẹ̀-èdè wá ń ka agbo ilé. Àwọn kan nínú wa rò nígbà náà pé ìfẹ̀yìntì ló ń ṣe. Mo rò pé ó kàn tẹ̀lé owó náà dé ibi tó ti tán ni. Ó kú ní 1994.

Má rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni mo ń sọ. Mú ti VAT, owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà tí a bá rà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé àbá owó-orí tuntun lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìgbìmọ̀ tí Taiwo Oyedele darí ló ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, bí àwọn ìpínlẹ̀ bá fẹ́ pín ₦100 tó kàn wọ́n nínú VAT, ₦50 jẹ́ ọgbọọgba, ₦30 lọ nípa iye èèyàn, ₦20 lọ síbi tí owó ti wá. Àbá náà fẹ́ kí ₦60 tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti ra ọjà, kí ọgbọọgba àti iye èèyàn mú ₦20 kọ̀ọ̀kan. Ìdí tó mú wá dára: ilé iṣẹ́ tí oríko rẹ̀ wà ní Èkó ń san VAT rẹ̀ ní Èkó, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo tàbí Kánò ni oníbàárà ti rà á. Àwọn gómìnà Àríwá kọ̀ jálẹ̀ kí oṣù kẹwàá náà tó parí. Ní oṣù kìíní 2025, gbogbo gómìnà fẹnu kò sí ₦50 ọgbọọgba, ₦30 ibi tí wọ́n ti lò ó, ₦20 iye èèyàn. Ààrẹ buwọ́ lu òfin ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà.

Fi í wé ti tẹ́lẹ̀ kó o rí i. Ọgbọọgba kò yẹ̀ rárá: ₦50 tí ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá pín, ₦1.35 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ₦1.35 náà ni títí di báyìí. Ohun tó yí padà ni ₦10 tó kúrò lórí iye èèyàn bọ́ sórí ọjà. Oṣù mẹ́jọ ó lé ni wọ́n fi jà, orí ₦10 nínú ₦100 ló sì parí sí. Ìjọba àpapọ̀ tún fi ìdá 5 sílẹ̀ nínú tirẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láti 15 sí 10, láti fi tu wọ́n lójú. Bí o bá lè jókòó ti ìwé yẹn, kó o fi iye hàn pé ìpínlẹ̀ wo ló jèrè, gómìnà wo ló pariwo, àwọn méjèèjì bára mu tàbí wọn kò bára mu, ìwé oyè kejì rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àmọ́ ìpín nìkan kọ́. Èyí tó yí iṣẹ́ wa padà jù láàárín ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, Ùgáńdà ló ti wá. Ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ìlò ránṣẹ́ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iye orí ọmọ. Ní olú ìlú, ìwé ní owó ti jáde. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Ritva Reinikka àti Jakob Svensson, kò jiyàn pẹ̀lú ìwé náà. Wọ́n rán àwọn èèyàn lọ sí ilé ìwé 250, kí wọ́n ṣí ìwé owó tí ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olú ìlú. Láàárín 1991 sí 1995, nínú 100 tó jáde, 13 péré ló dé ilé ìwé. Ìyókù rá sí ọwọ́ àwọn aláṣẹ àgbègbè. Lẹ́yìn náà ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó náà sínú ìwé ìròyìn, iye tó ń dé sì gòkè gan-an. A ṣì ń jiyàn títí dòní lórí bóyá ìwé ìròyìn nìkan ló ṣe é, torí àtúnṣe mìíràn náà ń lọ nígbà yẹn. Ní Bràsíl, ní 2003, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tẹ́tẹ́ láti mú ìlú tí wọ́n máa yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ yẹn ló jẹ́ kí Claudio Ferraz àti Frederico Finan lè fi hàn pé ìbò máa ń já mọ́ olórí ìlú lọ́wọ́ bí àṣírí rẹ̀ bá tú kí ìdìbò tó dé, pàápàá níbi tí rédíò ìbílẹ̀ bá wà. Láìsí tẹ́tẹ́, ta ló máa mọ̀ bóyá ìlú tí wọ́n yẹ̀ wò ti burú tẹ́lẹ̀?

Nítorí náà, ìmọ̀ ìṣirò kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Tún ẹ̀kọ́ statistics rẹ kà. Kọ́ R, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán sì tó o. Lẹ́yìn náà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, èyí tí ọ̀pọ̀ tó ní PhD kò mọ̀: iye tí wọ́n kọ sílẹ̀, iye tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìjọba, àti iye tí wọ́n ná. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Fún ibi tó o ti máa kàwé, Ìbàdàn wà lára àwọn yunifásítì tí AERC, àjọ ìwádìí ọrọ̀-ajé Áfíríkà ní Nairobi, ń bá ṣe PhD ọrọ̀-ajé, AERC sì ti ń fún olùṣèwádìí ọmọ Áfíríkà lówó láti 1988. Lọ sí ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ọrọ̀-Ajé Nàìjíríà, wọ́n ti wà láti 1957. Jókòó sẹ́yìn, kó o gbọ́ ohun tí wọ́n ń bú ara wọn lé lórí.

Ní ti oúnjẹ, mi ò ní tàn ọ́. Owó oṣù olùkọ́ yunifásítì kéré, ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì wà. Báńkì á san jù ú lọ lọ́dún márùn-ún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń tọ ipasẹ̀ owó ìlú kò ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo: NISER, ilé ìwádìí ìjọba lórí ọrọ̀-ajé àti àwùjọ ní Ìbàdàn, ń bẹ, ẹ̀ka ìwádìí báńkì àgbà ń bẹ, Báńkì Àgbáyé ń gba irú wọn, àwọn ẹgbẹ́ bí BudgIT ní Èkó tó ń tú bọ́jẹ́ẹ̀tì palẹ̀ fún aráàlú náà ń gbà wọ́n. Tí bàbá rẹ bá ní òṣèlú ni, sọ fún un pé ẹni tó ń wo ìjà kì í ṣe ara àwọn tó ń jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè pè é wọ inú agbo nígbà mìíràn. Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀ kó tó di kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ ní 1971. Ó wà lára àwọn tó dá ètò àgùnbánirọ̀ tí o ń sìn lónìí yìí sílẹ̀ ní 1973, ó sì darí àjọ ọrọ̀-ajé Áfíríkà ti UN láti 1975 títí di 1991. Kò gbàgbé ìwé kíkọ.

Kí o tó kọ̀wé sí yunifásítì kankan, ṣe èyí. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọ̀dọ̀ wọn tààrà, kó má gba àpò gómìnà kọjá mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Kwara níbi tó o wà. Ìwé ìpín owó oṣooṣù ti FAAC, ìgbìmọ̀ tó ń pín owó àpapọ̀, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yẹ kó gbà wà níbẹ̀. Mú ìjọba ìbílẹ̀ kan, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan ṣáájú ìdájọ́ àti ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà lọ sí ọ́fíìsì wọn, bá akápò sọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, béèrè iye tó wọlé, iye tí wọ́n yọ fún owó oṣù olùkọ́ kí ó tó wọlé, àti ẹni tó yọ ọ́. Bí ilé ìwé ni wọ́n gbé ọ sí, bi ọ̀gá ibẹ̀ ìgbà tí owó ìlò dé kẹ́yìn àti ìwé tó fi gbà á. Kọ ọjọ́ sí i, kọ iye sí i, kó o sì kọ orúkọ ipò ẹni tó sọ ọ́, má kọ orúkọ rẹ̀ gan-an.